Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi wá nípa gígun òkè Olúmirin pẹ̀lú àwọn ọmọ Síkáòtù Òṣogbo

Bí họ́lídè ńlá bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí a sì ti kéde pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Síkáòtù wa fẹ́ lọ gun òkè, fóònù àwa ọ̀gá kì í sinmi mọ́. Ohun tí ìyá kan bá bi wá láti Ìgbọ̀nà ni bàbá kan á tún bi wá láti Òkè-Fìà. Ìdí nìyí tí a fi kó wọn jọ síbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, torí ẹni tó bá fọwọ́ sí i láìkà á ni yóò máa pè mí láago mọ́kànlá alẹ́ Jímọ̀.

Òkè wo gan-an lẹ ń kó wọn lọ?

Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí náà. A ó gba Iléṣà kọjá, a ó wá mú ọ̀nà Àkúrẹ́. Ọ̀pọ̀ yín ló ti débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni púpọ̀ ń mọ: wọ́n á ya fọ́tò níbi tí omi ti ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀, wọ́n á fi bọ́jú, wọ́n á padà sídìí mọ́tò. Ìpele méje ni omi yẹn ní. Láti orí òkè gbọọrọ tí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè wà lórí rẹ̀ ló ti ń bọ̀, tó ń já láti ìpele kan sí òmíràn títí tó fi délẹ̀. Ibi tí àwọn àlejò ti ń ṣẹ́rí padà ni iṣẹ́ tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn ìlú náà sọ pé obìnrin kan, Akínlà, ọmọọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí omi náà nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Ọdún 1140 ni wọ́n máa ń dárúkọ. Àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ wa kì í jẹ́ kí àwọn ọkùnrin gbàgbé ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀.

Ẹ ò ṣe kúkú mú wọn lọ sí Òkè Ìdànrè tó ní àtẹ̀gùn?

Ìdànrè dáa, a kò kọ̀ ọ́. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, ìlú àtijọ́ tí àwọn baba ńlá wọn gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ṣì wà lókè níbẹ̀, tòun ti ààfin Ọwá. Ṣùgbọ́n ó kọjá Àkúrẹ́, inú bọ́ọ̀sì la ó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, agbára ẹsẹ̀ nìkan ni àtẹ̀gùn ń béèrè. Olúmirin ń béèrè làákàyè: ibo ni kí n tẹ̀, gbòǹgbò wo ló ṣeé dì mú, ta ló yẹ kí n na ọwọ́ sí lẹ́yìn mi. Ìyẹn gan-an la ń kọ́ wọn láti oṣù kìn-ín-ní.

Ṣé ó le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́?

Ó le. Mi ò ní tàn yín.

Ìsàlẹ̀ kò ní wàhálà. Béèyàn bá ti kọjá ìpele kejì ni ọ̀nà yóò dín, tí ilẹ̀ yóò sì dìde dúró níwájú ẹni. Gbòǹgbò igi ló wá di àtẹ̀gùn. Àwọn ibì kan wà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́. Òkúta ibẹ̀ le, ó máa ń là pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ sì mú. Níbi tí omi bá ti ń gba orí rẹ̀ kọjá, ohun aláwọ̀ ewé kan máa ń hù lé e lórí tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ọmọ tó bá fi ojú lásán wò ó á rò pé ilẹ̀ ni.

Ohun tí àwọn òbí kì í sì í rò ni pé ìsọ̀kalẹ̀ le ju ìgùnkè lọ. Nígbà tí wọ́n bá ń gòkè, ó ti rẹ ọmọ, ó ń rọra rìn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, orúnkún ti ń gbọ̀n, ọkàn ti balẹ̀, ó ti ń gbóòórùn ìrẹsì láti ìsàlẹ̀, ó fẹ́ sáré. Ìgbà yẹn ni kókósẹ̀ ń yẹ̀. Nítorí náà, ìsọ̀kalẹ̀ la ń kọ́ wọn jù. Kí ọmọ kọjú sí òkúta, kó kẹ̀yìn sí àfonífojì. Kí ohun mẹ́ta máa wà lára òkúta nígbà gbogbo: ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, tàbí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan. Kó kọ́kọ́ fa gbòǹgbò wò kó tó gbára lé e, kó má sì di ẹ̀ka gbígbẹ mú láéláé, bó ti wù kó sún mọ́ ọn tó. Níbi tó bá ga jù, kó jókòó kó máa wọ́. Ṣòkòtò tó ya nídìí sàn ju orí tó là lọ.

Ọmọ ọdún mélòó lẹ ń gbà?

Ọdún 11 sókè. Àwọn Kọ́ọ̀bù kéékèèké ní ìrìn tiwọn nínú Igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO fi sínú àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ilé sì wà nítòsí. Ẹ má bẹ̀ wá pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yín lágbára. A mọ̀ pé ó lágbára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì gùn tó láti ti orí gbòǹgbò kan dé èkejì.

Ìgbà wo lẹ ń lọ, kí ló sì dé tí kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Nínú oṣù kẹjọ, lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun. Àwọn ará Òṣogbo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ráyè lọ́sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun. Àlejò kún ilé, ọ̀nà há, ọkọ̀ wọ́n.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé ẹ̀kọ́ ló ń dí wa lọ́wọ́. Láàárín ìparí oṣù keje àti ìparí oṣù kẹjọ, òjò ilẹ̀ wa sábà máa ń sinmi díẹ̀ kó tó tún padà dé pẹ̀lú agbára nínú oṣù kẹsàn-án. Inú àlàfo yẹn la ń wọ̀. Kì í ṣe pé òjò kò lè rọ̀ o. Ojú ọjọ́ sábà máa ń ṣú, oòrùn kì í pa ọmọ, omi sì pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀sán Jímọ̀ la ń gbéra, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. A ó sùn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, a ó gun òkè láàárọ̀ Sátidé, kálukú yóò sì wà nílé rẹ̀ kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú. Ọmọ tó fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú lè lọ, bí ẹsẹ̀ bá gbà á.

Ọ̀nà ń kọ́? Ẹ mọ bí ìlú ṣe rí.

A mọ̀. A kì í rìn lálẹ́, ì báà jẹ́ àlọ, ì báà jẹ́ àbọ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá bàjẹ́ tí ọjọ́ sì ti lọ, ibi tó bá ti ṣeé sùn la ó sùn. Kí a tó gbéra, àwọn ọ̀gá méjì ti máa ń lọ ṣáájú láti lọ kí àwọn àgbà ìlú, kí àwọn ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀, kí wọ́n sì bá ọmọ ìlú kan tó mọ òkè náà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó lè mú wa gòkè. Bí ohun tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, a ó fagi lé e, kódà bó jẹ́ pé àárọ̀ Jímọ̀ náà ni. Owó tí ẹ san kò ní sọnù. Inú àwọn ọmọ kò ní dùn, ṣùgbọ́n òkè kì í ṣí lọ.

Báwo ni ọmọ mi ṣe máa múra sílẹ̀? Kò mọ̀ ju kó máa tẹ fóònù lọ.

Gbàrà tí wọ́n bá ti ṣe ìdánwò tán la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn àti ẹrù rírù. Láràárọ̀ Sátidé, a ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọláìyá gba Òkè-Fìà, a ó padà. Lẹ́yìn náà la ó wá máa gun àtẹ̀gùn pápá ìṣeré, tí a ó máa sọ̀ kalẹ̀, títí tí wọn yóò fi máa bẹ̀ wá.

Píọ̀-wọ́tà la fi ń kọ́ wọn ní ẹrù rírù, torí ó rọrùn láti ṣírò. Náílọ́ọ̀nù kan jẹ́ 50cl, ìdajì kílò nìyẹn. Báàgì tí wọ́n ń tà, tó ní ogún náílọ́ọ̀nù nínú, jẹ́ kílò mẹ́wàá. Ẹrù ẹ̀yìn ọmọ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, kódà ó sàn kó má tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tó jẹ́ kílò 40 kò gbọdọ̀ gbé ju kílò mẹ́jọ lọ, lórí òkè a kì í jẹ́ kó kọjá márùn-ún. Náílọ́ọ̀nù mẹ́rin la ó kọ́kọ́ fi sí i lẹ́yìn, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e yóò di mẹ́fà, yóò di mẹ́jọ. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá parí, wọ́n á mu ẹrù wọn. Mi ò tíì rí ọmọ tó ráhùn sí apá yẹn.

Ọmọ tó bá pa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì kò ní bá wa lọ. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí wa.

Ọmọ mi sanra, kì í yára. Ṣé wọn ò ní fi í sílẹ̀ sẹ́yìn?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dùn mí jù, torí mo mọ̀ pé ọmọ náà ló rán ìyá rẹ̀.

Lórí òkè, pátróòlù la fi ń rìn, ọmọ mẹ́fà tàbí méje pẹ̀lú olórí wọn. Bí Baden-Powell, ẹni tó dá Síkáòtù sílẹ̀, ṣe tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tó kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1907: pátróòlù mẹ́rin ló pín wọn sí. Nígbà tí Síkáòtù fi wọ Nàìjíríà ní 1915, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wọlé. Nínú pátróòlù, ẹni tí kì í yára ló ń ṣíwájú. Kì í ṣe kó wà láàárín, kì í sì í ṣe ẹ̀yìn. Iwájú ni. Ìrìn tirẹ̀ ni gbogbo wọn yóò rìn. Bó bá dúró mí, gbogbo wọn dúró mí. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yá a yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì ru omi tirẹ̀ àti díẹ̀ lára ti ẹni tó wà níwájú. Ní ẹ̀yìn pátápátá, ọ̀gá kan wà tí ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ó rí i pé bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá dé. Àwọn tí wọ́n ń pariwo jù ní Òṣogbo pé àwọn yóò kọ́kọ́ dókè, àwọn gan-an ni wọ́n máa ń kọ́ ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kò rọrùn fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ara rẹ̀ ń gbóná láti rìn lẹ́yìn ọmọ ọdún mọ́kànlá fún wákàtí mẹ́rin láìdá àpárá kankan. Ìyẹn le fún un ju òkè lọ. A ń ṣọ́ ọ, a sì ń gba báàjì lọ́wọ́ ẹni tó bá fi ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Pátróòlù tí kò bá dé ìpele keje jọ dúró níbi tí wọ́n dé ni. Aago méjìlá ọ̀sán ni òpin. Ibi tí aago méjìlá bá ti bá wa, ibẹ̀ la ti ń yí padà, ì báà jẹ́ pé a ti ń gbọ́ ìró omi ìpele tó kù. Oòrùn máa ń wọ̀ bí ó bá ku díẹ̀ kí aago méje lù, lábẹ́ igi ilẹ̀ sì ti máa ń ṣú ṣáájú ìyẹn. A kò fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì sọ̀ kalẹ̀.

Bí òjò bá dé ń kọ́?

Bó bá ti ń rọ̀ láàárọ̀ Sátidé, a kò ní gòkè. Bó bá bá wa lójú ọ̀nà, ohun méjì là ń sá fún.

Èkíní ni àrá. Bí a bá rí mànàmáná, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí àrá bá sán kí a tó ka ìṣẹ́jú-àáyá 30, a jẹ́ pé ó ti sún mọ́ wa jù. A ó kúrò lórí òkúta tó yọ sókè, a ó jìnnà sí omi àti sí igi tó dá dúró, a ó sì jìnnà síra wa kí àrá kan má bàa kan gbogbo wa pọ̀. A kò ní tẹ̀ síwájú títí 30 ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Àwọn ọmọ máa ń ṣe bí ẹni pé ìṣẹ́jú yẹn kò lópin.

Èkejì ni omi tó ń ya. Òjò lè máa rọ̀ lápá Ẹ̀fọ̀n kí oòrùn sì máa ràn lórí wa. Gbogbo omi òkè yẹn, ọ̀nà kan ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà náà sì ni tiwa. Bí omi tó mọ́ gaara bá ṣàdédé dàrú, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bọ̀, tí ìró rẹ̀ yí padà, a kì í dúró wò ó. A ó kúrò létí rẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ tó ga, a ó sì dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọdá omi tó ti ya, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹni tó ń mú wa gòkè mọ ọ̀nà mìíràn tí kò gba etí omi.

Kí ni kí ọmọ wọ̀?

Kánfáàsì tó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ní eyín. Ẹ má ra tuntun lọ́sẹ̀ tí a fẹ́ lọ. Bàtà tuntun a máa bó ẹsẹ̀. Sílípáàsì, Crocs àti bàtà ilé ẹ̀kọ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dán, a ó dá a padà nídìí bọ́ọ̀sì. Ìbọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nínú náílọ́ọ̀nù kó má bàa tutù. Ṣòkòtò gígùn tó fẹjú lórúnkún, kì í ṣe jíìnsì, torí jíìnsì tó bá gbomi di òkúta lára ọmọ. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, nítorí kòkòrò kéékèèké kan wà tó ń gbé etí omi tó ń sáré tó máa ń jẹni lọ́sàn-án gangan. Réènkóòtù, fìlà, àti síkáàfù ẹgbẹ́. Síkáàfù kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́ lásán. A lè fi gbé apá tó yẹ̀ kọ́ ọrùn, a sì lè fi di ọgbẹ́.

Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ wọn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ìwọ̀n ara máa ń ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ lu iwájú bàtà, èékánná tó gùn á dúdú kó tó di Àìkú, yóò sì bọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Oúnjẹ ń kọ́? Ṣé kí n dáná fún un?

Ìyá kan gbé kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tòun ti ìgè adìẹ fún ọmọ rẹ̀ lọ́dún kan. Ìfẹ́ ìyá ni, a kò bú u. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí a sè lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kò lè dé ọ̀sán Sátidé láìkan.

Àwa ló ń se oúnjẹ alẹ́ Jímọ̀ àti ìrẹsì ìsàlẹ̀ òkè. Ohun tí ọmọ yóò máa jẹ lójú ọ̀nà ni kí ẹ di fún un, ohun tí kì í bàjẹ́: ẹ̀pà, kúlíkúlí, ìpékeré, àádùn, àgbọn gígé. Dòdò Ìkirè ló dáa jù lójú tèmi, ó ń tètè fúnni lágbára, ata inú rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ọmọ rántí mu omi. Móínmóín, rárá. Ẹyin sísè, tó bá máa jẹ ẹ́ láàárọ̀ Sátidé kó tó gòkè. Bísíkíìtì kò burú. Ohun mímu inú agolo tó ń jẹ́ kí ọkàn yára, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó bá fi wé oúnjẹ, òun náà ni yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀. A máa ń wo báàgì.

Omi mélòó?

Lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìgbéra, náílọ́ọ̀nù mẹ́rin. Inú ike ni kí ẹ dà á sí, torí náílọ́ọ̀nù máa ń bẹ́ nínú báàgì. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ mu omi tó ń ṣàn, bó ti wù kó mọ́ tó. Ènìyàn àti ẹran wà lókè rẹ̀. A ń gbé èyí tí a ó fi kún un lọ́wọ́.

Bí òòyì bá kọ́ ọmọ, tí pajápajá mú un, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n, omi ti tán lára rẹ̀. Gbogbo olórí pátróòlù ló mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà: omi tó mọ́ lítà kan (náílọ́ọ̀nù méjì), ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀. Ṣíbí tí a fi ọwọ́ nù lórí kó tẹ́jú, kì í ṣe èyí tó wú. Iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu.

Ọmọ mi ní ásímà. Èkejì rẹ̀ jẹ́ SS. Ṣé wọ́n lè lọ?

Oní-ásímà lè lọ bí dókítà bá kọ̀wé pé kò séwu. Ìnhélà kan yóò wà lápò rẹ̀, èkejì lọ́wọ́ ọ̀gá.

Lórí ọmọ tó jẹ́ SS, ọ̀rọ̀ kò rọrùn, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ ẹ. Làálàá, òùngbẹ àti òtútù lójijì wà lára ohun tó ń fa ìrora fún un, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà lórí òkè yẹn. Omi ìsàlẹ̀ yẹn tutù débi pé àgbàlagbà ń ké. Nítorí náà, a kì í mú un gòkè, ṣùgbọ́n a kì í fi í sílẹ̀ ní Òṣogbo. Iṣẹ́ wà fún un ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì: òun ló ń kọ aago tí pátróòlù kọ̀ọ̀kan gòkè àti aago tí wọ́n sọ̀, òun ló ń tẹ́tí sí fèrè. Fèrè mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ó tún mẹ́fà: ìyẹn ni pé ẹnì kan nílò ìrànlọ́wọ́. Mẹ́ta ni ìdáhùn. Bí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́ ọ ní ìsàlẹ̀, asán ni fífọn rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àìsàn ọmọ pamọ́ fún wa nítorí kó lè lọ.

Ejò ńkọ́?

Ejò wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń mọ̀ pé a ń bọ̀ kí wọ́n tó rí wa, wọn yóò ti lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ ihò òkúta, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dá nìkan wọ igbó láti lọ tọ̀. Láàárọ̀, kí ó gbọn bàtà rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, nítorí àkéekèe.

Bí ejò bá bu ọmọ jẹ, a kì í fi abẹ́ gé ojú rẹ̀, a kì í fi ẹnu fa oró, a kì í fi okùn dè é pinpin, a kì í fi òkúta dúdú lé e. A ó mú un jókòó jẹ́ẹ́, a ó fi igi ti ẹsẹ̀ náà kó má bàa mì, a ó kọ aago sílẹ̀, a ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. A ti máa ń mọ ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò kí a tó kúrò ní Òṣogbo.

Mo gbọ́ pé òrìṣà ló ni omi yẹn. Mùsùlùmí ni wá.

Àwọn ará ìlú bọ̀wọ̀ fún omi náà, wọ́n sì ń ṣọdún rẹ̀. Àlejò ni wá níbẹ̀. A kì í bọ ohunkóhun, a kì í sì í fi ohun tí ẹlòmíràn ń bọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ̀nba ni. Ọmọ Òṣogbo tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Igbó Ọ̀ṣun, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí i.

Ẹ̀jẹ́ Síkáòtù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojúṣe ẹni sí Ọlọ́run, kálukú ní ọ̀nà tirẹ̀. A máa ń ki ìrun Àyìlà níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ yín lè mú ẹní ìrun kékeré dání. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nígbà náà, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Ṣé àwọn ọmọbìnrin náà ń gòkè?

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọ̀gá obìnrin sì ń bá wọn lọ. Wọ́n ń sùn lọ́tọ̀. Ọ̀gá kan kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbikíbi, ọkùnrin tàbí obìnrin. Àwọn àgbàlagbà gbọ́dọ̀ pé méjì. Bí ọmọ bá wà nínú nǹkan oṣù rẹ̀, kò ní kó má lọ, kó sọ fún àǹtí tó wà pẹ̀lú wọn, páàdì wà nínú àpótí ìtọ́jú. Híjáàbù kò ṣòro: kó jẹ́ èyí tó kúrú, kó tì í bọ inú aṣọ, kó má ṣe lo abẹ́rẹ́ onímú tó lè gún un bó bá ṣubú.

Kí ni wọ́n ń ṣe lálẹ́ Jímọ̀?

Wọ́n ń dáná, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbọ́ ìtàn. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nìyẹn, a kò lè kọjá níbẹ̀ láìsọ ti Ògèdèǹgbé àti ogun Kírìjì, láti 1877 dé 1893, nígbà tí Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn kọjú síra wọn láàárín àwọn òkè Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Ọmọ tó bá máa gun òkè lọ́la máa ń fetí sí ìtàn àwọn tó ru ìbọn gun òkè. Aago mẹ́sàn-án, kálukú ti wọ abẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Bóyá wọ́n ń sùn, ìyẹn kò sí lọ́wọ́ mi.

Ṣé ọmọ lè mú fóònù?

Rárá. Fóònù àwọn ọ̀gá wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń sọnù bí a bá ti gòkè. A ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nígbà tí a bá gbéra láàárọ̀ àti nígbà tí a bá délẹ̀. Láàárín méjèèjì, ẹ bá iṣẹ́ yín lọ.

Ṣé wọ́n lè lúwẹ̀ẹ́?

Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lè dúró sínú omi ìsàlẹ̀ níbi tí kò ti kọjá orúnkún. Kò sí fífò láti orí òkúta.

Ọmọ mi na ọwọ́ òsì sí bàbá mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ?

Ẹ dákun. Láàárín Síkáòtù sí Síkáòtù ni bíbọwọ́ òsì wà. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn Áṣáńtì ní Gánà ni Baden-Powell ti mú un, níbi tí jagunjagun tó sọ apata ọwọ́ òsì rẹ̀ kalẹ̀ láti bọ ọ́ lọ́wọ́ ti fi hàn pé òun fọkàn tán an. Níwájú bàbá àgbà, ìdọ̀bálẹ̀ ni. A ó tún un sọ fún wọn ní ìpàdé.

Èló ni?

Owó bọ́ọ̀sì ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, epo sì ń yí padà, nítorí náà ìpàdé òbí la ti ń sọ ọ́, pẹ̀lú ìwé ìṣirò tí ẹnikẹ́ni lè wò. Òbí tí kò bá rí i san, kó bá akápò sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Kò sí ọmọ tó jókòó sílé rí nítorí owó.

Ṣé èmi náà lè bá yín lọ?

Ẹ lè bá wa lọ, ẹ̀yin òbí méjì tàbí mẹ́ta, bí ẹ bá ti wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bíi ti àwọn ọmọ. Ẹ ó gbé omi yín fúnra yín. Ẹ kò ní sí nínú pátróòlù ọmọ yín, torí bí ìyá bá wà nítòsí, ọmọ kì í fa gbòǹgbò wò kó tó dì í mú. Ojú ìyá ni yóò máa wò. Bọ́ọ̀sì yóò kúrò ní ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré láago mẹ́ta ọ̀sán Jímọ̀ gééré, kò sì ní dúró de òbí.